Ohun Tí Mi Ò Lè Sọ Lójúkojú

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà, ìdí síńkì ni mo dúró sí nílé wa ní Chadwell Heath, nílùú òyìnbó, mo ń bó ẹ̀wà. Ó ní ẹnì kan ló fún òun ní nọ́ńbà mi, pé òun fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó. Mo bi í pé irú ẹrù wo ni. Ó ní, "A ó ríra." Mo tún bi í pé ṣé aṣọ ni àbí oúnjẹ, nítorí gbogbo ohun tó bá máa wọ kọ̀ntéénà ni mo gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, irú èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù."

Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Ó kàn gbẹ ni, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ jáde. Mo sọ fún un pé kò sí àyè, pé kọ̀ntéénà ti kún. Irọ́ ni mo pa. Àyè wà dáadáa. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ohùn yẹn tó jẹ́ kí n nu ọwọ́ mi mọ́ aṣọ, bí ẹni tó ṣèèṣì fọwọ́ kan ohun tó ń yọ̀. Mo pa fóònù, mo padà sídìí ẹ̀wà mi, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà lè yé ènìyàn. Lórí fóònù, kò sẹ́ni tó lè rẹ́ mi jẹ. Ìgbà kónílé-ó-gbélé ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífi ẹrù ránṣẹ́ sílé, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lè yọjú sí ẹnikẹ́ni. Nínú ilé ìdáná mi ni mo ti ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti ń bá àwọn tó ń gba ẹrù fún wa ní Apápá jiyàn, tí mo ń sọ fún awakọ̀ tó bá já mi kulẹ̀ pé mi ò ní pè é mọ́ láé. Bí ènìyàn bá fẹ́ purọ́, mo máa ń gbọ́ ọ nínú èémí rẹ̀ kí irọ́ náà tó jáde. Àwọn oníbàárà á ní, "Àǹtí yìí, ẹ̀rù yín ń bà wá o," wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n wá yọ̀ǹda fún wa láti jáde tán, tí wọ́n fojú rí mi, ẹnu yà wọ́n. "Ṣé ẹ̀yin náà nìyẹn?" Ènìyàn kúkúrú, tó ń wolẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ ní láti tẹ etí sílẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ò gbà kí ọmọdé wo àgbà lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbọ́ kí ọmọ òun sọ pé "rárá" níwájú àgbà. Àwọn àbúrò mi gba ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì bọ́ ọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà. Èmi ò rí i bọ́. Títí di òní, bí àgbà bá jókòó níwájú mi tó bi mí ní nǹkan, "ẹ̀n, sà" ló máa ń kọ́kọ́ jáde, kí n tó mọ ohun tó bi mí.

Ọkọ mi yàtọ̀ sí mi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Lójúkojú, ó lè sọ fún ọba pé adé rẹ̀ wọ́. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá dún, á tì í sí mi lọ́wọ́ bí ẹyin iná, á ní, "Bá mi gbé e, jọ̀ọ́." Bó bá sì gbé e fúnra rẹ̀, "ẹ̀n, ẹ̀n" náà ni yóò máa wí títí tí ẹni tó pè é á fi sú.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà wá.

Creekmouth ni mo gba ilé ẹrù sí, níbi tí odò Roding ti ń wọ inú Thames. Ilé gígùn kan ni, tí wọ́n là sí yàrá-yàrá, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn onírin tí à ń ká sókè. Bọ́ọ̀sì tó ń ti Barking bọ̀ á já ènìyàn sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ènìyàn á sì fẹsẹ̀ rìn kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọ́ irin àlòkù kó tó débẹ̀. Bí omi bá fà, ẹrẹ̀ etí odò á yọ síta, òórùn rẹ̀ á sì wọlé wá bá wa.

Mo ń kọ orúkọ sára àpótí ni ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà bá dí. Mo gbójú sókè. Ó ga, aṣọ rẹ̀ mọ́, irun ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ ti ń funfun. Ó gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́, irú tàwa ará ilé tí wọ́n ń ṣe ní Barking. Ó ní, "Àbúrò mi, èmi ni mo pè ọ́ lánàá, ẹni tó fún mi ní nọ́ńbà rẹ ló júwe ibí fún mi. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ pé o ò tíì jẹun."

Mi ò dá ohùn náà mọ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó bi mí níbi tí wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo sọ fún un, ó dárúkọ ọ̀nà tó wọ ìlú wa àti igi ńlá tó wà níbẹ̀. Ó rí i pé pákó tí mo ń to ẹrù sí ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì tún un tò. Ó bu búrẹ́dì, ó fún mi, ó bu tirẹ̀. Àfi ìgbà tó ní, "Àgbá méjì péré ni, àbúrò, fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n fi rí ọkọ̀ tó máa gbé e," tí mo sì gbọ́ tí èmi fúnra mi ń sọ pé, "Kò burú, Bọ̀dá, ẹ máa gbé e bọ̀." Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Mi ò tíì gbé búrẹ́dì náà mì tí mo fi gbà fún un.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi bi mí pé kí ló wà nínú àgbá náà.

"Ó ní aṣọ àti bàtà ni."

"Ṣé ó kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Rárá."

"Ṣé o ní kó kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo gbé abọ́ mi lọ sídìí síńkì. Ó wò mí títí, lẹ́yìn náà ló padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Àgbá méjì di mẹ́fà. Mẹ́fà di méjìlá, aláwọ̀ búlúù gbogbo wọn, wọ́n tò ó mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Bí mo bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé kó kọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ méjì péré ni yóò fi fèsì: "Mo ń bọ̀." Kí ọjọ́ náà tó pé, á ti dé, tòun ti búrẹ́dì tàbí ọsàn, á sì jókòó. Bí mo bá pè é, á ní, "Dúró dè mí," á pa fóònù. Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ti tó fún un láti mọ̀ mí: lọ́jọ́ tó pè mí, mo kọ̀ fún un, lọ́jọ́ tó rí mi, mi ò lè kọ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan gba orí fóònù kọjá láàárín wa.

Ọkọ mi ní, "Ẹni tó ń sá fún fóònù láyé òde òní, kí ló ń sá fún?"

Mo ní, "Ìwọ náà ń sá fún un."

Ó ní, "Èmi ń sá nítorí pé mi ò mọ̀ ọ́n lò. Ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n lò."

Nígbà tó di oṣù kejì tí àgbá àkọ́kọ́ ti dé, ọkùnrin náà béèrè kọ́kọ́rọ́. Ó ní òun ò fẹ́ máa dà mí láàmú, pé bí mo bá jáde lọ gba ẹrù nílé àwọn oníbàárà, òun á lè wọlé wá to nǹkan òun. Ó na ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ náà wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rántí pé mo gbọ́ bí wọ́n ti ń fọ́ irin lókèèrè. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ kejì, mo gbé e sínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí àmì pé ó ń wá nígbà tí mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n á ti sún àga mi. Ẹrù àwọn oníbàárà mi á ti kúrò níbi tí mo gbé e sí, wọ́n á ti kó o sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí àgbá lè rí àyè lẹ́yìn. Mo ń ká ilẹ̀kùn ara mi sókè wọlé bí àlejò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní ọdún tuntun, tí yìnyín bo ilẹ̀, mo gbọ́ òórùn kan. Kì í ṣe ti ẹrẹ̀. Ó dùn díẹ̀, ó sì ta sí ni nímú, bí oje tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Mo tọ̀ ọ́ lọ dé ẹ̀yìn. Mo gbé ọwọ́ lé àgbá kan, ó tutù. Mo gbé e lé èkejì, ó tutù. Mo gbé e lé ẹ̀kẹta, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi bí ara ọmọ tí ibà ń bọ̀ wá ṣe.

Mo ṣí i. Aṣọ àlòkù ló wà lókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn tó gígùn apá kan. Lábẹ́ rẹ̀, bátìrì ni: bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná, irú èyí tí àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri ń gùn, àlòkù gbogbo wọn, tí wọ́n fi téèpù dúdú dì ní méjì-méjì. Òmíràn ti fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òmíràn ti wú bí ikùn ẹja tó kú. Mo fi aṣọ bò ó padà, mo sì jáde síta. Gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tiwa ló mọ̀ pé bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀. Ó wà nínú ìwé tí mo tọwọ́ bọ̀ nígbà tí mo gba yàrá náà pé a ò gbọdọ̀ kó o síbẹ̀ rárá.

Ọkọ mi ní kí n lé e lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní òun yóò gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, òun yóò tẹ̀ lé mi. Mo ní rárá, ilé ẹrù mi ni, èmi ni mo gbà á láyè. Nínú ọkọ̀, láti ilé dé Creekmouth, mo ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ sókè: "Bọ̀dá, ẹ kó ẹrù yín kúrò." Ó dùn létí mi. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti jókòó sórí àga mi. Ó ní, "Àbúrò, ojú rẹ ò dáa lónìí. Kí ló ṣe ọ́?" Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Mo bi í bóyá ó fẹ́ mu tíì.

Ìtìjú ọjọ́ náà pọ̀ jù fún mi láti sọ fún ọkọ mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ, tí mo ń gbé ọwọ́ lé àgbá, tí mo ń padà wálé.

Ọjọ́ Ọjọ́rú ni mo wá rí ọ̀nà. Òjò ń rọ̀. Mo rí i látòkèèrè pé ilẹ̀kùn ti ká sókè, pé ó wà nínú ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí àgbá. Mi ò sọ̀kalẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ látinú, mo gbé fóònù, mo pè é. Mo rí i tó yọ fóònù, tó wò ó, tó dá a padà sápò. Mo tún pè é. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló gbé e.

"Dúró dè mí," ó ní.

"Mi ò ní dúró. Ẹ gbọ́ mi báyìí, Bọ̀dá. Bátìrì ló wà nínú àgbá yín. Mo ti rí i."

Ohùn mi ti dé. Mo gbọ́ ọ bó ti ń jáde, ó dúró gbọn-in, ohùn tí mo fi ń bá àwọn ará Apápá jà. Òun náà gbọ́ ọ. Ó yíjú síta, ó rí ọkọ̀ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ nínú òjò, kò yára, fóònù wà létí rẹ̀.

"Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí gbogbo rẹ̀ ti kúrò," mo ní. "Kí kọ́kọ́rọ́ mi sì wà lórí tábìlì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa pe àwọn panápaná, mo sì máa pe ẹni tó ni ilé."

Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ súnmọ́ gíláàsì títí èémí rẹ̀ fi sọ ọ́ di funfun. Ó fi òrùka kan gíláàsì náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́nà méjì, ọ̀kan láti ara gíláàsì, tó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú fóònù, tó gbẹ.

"Àbúrò mi. Wo ojú mi, kí o sọ ọ́."

"Mi ò ní wo ojú yín."

"Ṣé èmi lo ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá olè sọ̀rọ̀? Ṣí ilẹ̀kùn."

Mo tẹjú mọ́ ìdarí ọkọ̀. "Ọjọ́ Ẹtì, Bọ̀dá," mo ní, mo sì pa fóònù. Ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Mi ò mọ irú ojú tó ń fi wò mí. Nígbà tó lọ, mo kọ gbogbo ohun tí mo sọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́, mo fi ránṣẹ́ sí i, kó má baà sọ pé òun ò gbọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ògiri ẹ̀yìn ṣófo. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì. Mo gbá ilẹ̀, mo pààrọ̀ àgádágodo, mo sì jókòó sórí àga mi, mo sunkún díẹ̀. Ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ náà, mo sùn bí ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ Ajé, mo rí àgbá aláwọ̀ búlúù lẹ́nu ọ̀nà kẹrin sí tiwa.

Bàbá kan tó ń tún àga ṣe ló ni ibẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n, ará Èkìtì, Aládùúrà. Àga tó bá ya, tó bá rì, wọ́n á tú u dé egungun, wọ́n á fi fóòmù tuntun sí i, wọ́n á rán aṣọ bò ó. Àwọn ló tún àga tí mo ń jókòó lé ṣe. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí fóònù. Fóònù kékeré tí ọmọ wọn obìnrin fi ń pè wọ́n nìkan ni wọ́n ní, wọn ò sì fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà rẹ̀ rí. Wọ́n máa ń ní, "Jẹ́ n rí ọ lórí ìjókòó. Ojú lọ̀rọ̀ wà." Wọ́n á wo bí o ṣe fẹ̀yìn ti àga, wọ́n á sì sọ ibi tí ó ti ń dùn ọ́. Yàrá wọn kún fún fóòmù láti ilẹ̀ dé òkè, àti aṣọ, àti gọ́ọ̀mù inú ike.

Mo lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ti ń ṣètò ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí mo ti ń lọ. Nígbà tí mo yọjú, ọkùnrin náà wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, búrẹ́dì wà láàárín àwọn méjèèjì.

Mo kúnlẹ̀. Bàbá wò mí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló dé?"

Ọkùnrin náà bu búrẹ́dì. Ẹ̀rín rẹ̀ ò yẹ̀. Ojú mi kúrò lára Bàbá, ó lọ sórí ilẹ̀.

"Kò sí, Bàbá," mo ní. "Mo ní kí n kí yín ni."

"Ọmọ dáadáa ni," ọkùnrin náà ní. "Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́."

Mo dìde, mo sì lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo kọ lẹ́tà kan lédè Yorùbá, gàdàgbà, kí Bàbá lè kà á láìwá awò ojú. Mo kọ ohun tó wà nínú àgbá náà síbẹ̀ àti ohun tó lè ṣe. Mo fẹ́ tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n mo rò pé ọkùnrin náà á ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn bó ti gba tèmi, pé òun ni yóò kọ́kọ́ rí i. Mo ní màá fi lé wọn lọ́wọ́ fúnra mi, nígbà tí kò bá sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá ò ṣí yàrá wọn. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ rí dókítà ni. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ìta ni mo wà látàárọ̀ dọ̀sán, mò ń gba ẹrù kiri Dagenham. Mo lè pe panápaná láti ibikíbi. Mo ní fóònù lọ́wọ́. Mo ti rò ó nígbà púpọ̀ láti ìgbà náà, ìdí tí mi ò fi pè wọ́n, kò sì sí èyí tó dára nínú gbogbo ìdí tí mo rí. Mo rò pé bí wọ́n bá dé, wọ́n á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo rò pé wọ́n á ti ilé Bàbá pa. Lẹ́tà náà wà nínú báàgì mi.

Lọ́jọ́bọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, mo gbọ́ ìró kan bí ẹni ń fọ́ èkùrọ́. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó sì dún léraléra. Mo jáde. Èéfín ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn kẹrin, kì í lọ sókè bí èéfín igi. Ó ń fà nílẹ̀, ó funfun, ó ki. Bàbá wà níta, wọ́n ń wúkọ́. Bí mo ti ń sáré bọ̀ ni mo rí i tí wọ́n yí padà, tí wọ́n tún fẹ́ wọlé lọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.

"Bàbá! Ẹ má wọlé!" mo kígbe. "Bátìrì ni! Àgbá yẹn, bátìrì ló kún inú rẹ̀!"

Mi ò mọ̀ pé mo lè kígbe bẹ́ẹ̀ níwájú ènìyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wọlé. Ìṣẹ́jú kan kọ́, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ni iná gba fóòmù. Mo rí ìmọ́lẹ̀ náà lójijì, àwọ̀ ọsàn, ó sì kún gbogbo ẹnu ọ̀nà. Bàbá jáde láìsí ẹ̀rọ. Ọwọ́ wọn ọ̀tún ń yọ èéfín. Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi wé e, mo fà wọ́n lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Níbẹ̀ la jókòó sí títí tí panápaná fi dé. Bí bátìrì kan bá kú, òmíràn á ràn. Wọ́n da omi sí i dìrọ̀lẹ́.

Obìnrin kan tó ń wádìí bí iná náà ṣe bẹ̀rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ó bi mí ní orúkọ ọkùnrin náà. Mo sọ orúkọ tó fún mi. Ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àdírẹ́sì tó fún Bàbá. Nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Obìnrin náà ní ṣé mo ní ohunkóhun tó kọ sí mi. Mo ṣí fóònù, mo fi hàn án. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò sí nǹkan míì níbẹ̀ ju "Mo ń bọ̀" lọ, léraléra, dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó jókòó níwájú mi nígbà àìmọye, tó jẹun pẹ̀lú mi, kò fi ohun kan sílẹ̀ tí ènìyàn lè dì mú.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ tèmi wà. Obìnrin náà ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo kà á. Ó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀.

"Nígbà náà, ẹ mọ̀," ó ní.

"Mo mọ̀," mo ní.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n gba yàrá náà lọ́wọ́ mi, kò sì yà mí lẹ́nu. Ilé ni mo ti tún ń ṣiṣẹ́ báyìí, ẹrù díẹ̀-díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn iná náà, mo lọ rí Bàbá nílé ọmọ wọn ní Dagenham. Wọ́n ti di ọwọ́ náà títí dé ìgúnpá. Ìka méjì ò lè ká mọ́. Abẹ́rẹ́ ò sì ní gbé níbẹ̀ mọ́. Ọkọ mi ní òun á bá mi sọ ọ́. Mo ní kó dúró sínú ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, látorí búrẹ́dì àkọ́kọ́ dórí lẹ́tà inú báàgì. Ó gba àsìkò. Ohùn mi ń lọ, ó ń bọ̀. Mo gbìyànjú láti má wolẹ̀.

Bàbá ò dá mi lẹ́kun. Nígbà tí mo parí, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ tí wọ́n dì náà sórí itan wọn.

"Mo rí i lójú rẹ lọ́jọ́ yẹn," wọ́n ní. "Mo rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Mo rò pé ọkọ rẹ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mi ò fẹ́ bi ọ́ níwájú àlejò, kí ojú má baà tì ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Ojú ọkùnrin yẹn ńkọ́? Mo wò ó dáadáa. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń wo ojú ènìyàn." Wọ́n wúkọ́, ó pẹ́ kí ó tó dáwọ́ dúró. "Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó mọ́ roro."

Mo sọ fún wọn pé ohùn rẹ̀ lórí fóònù ò rí bẹ́ẹ̀.

"Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù rí," Bàbá ní.

Wọn ò sọ pé àwọn dárí jì mí, wọn ò sì lé mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé omi. Mo gbé e wá, mo di ife náà mú fún wọn kí wọ́n fi mu ún. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè bóyá mo mọ ibi tí ọkùnrin náà wà báyìí. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà.

"Ó ti wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tòun ti búrẹ́dì," wọ́n ní.